Oníṣirò Owó Tí Ó Ra Ilé-iṣẹ́ Rédíò: Ìtàn WERD ní Ìlú Atlanta



Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ nípa owó ẹgbẹ́ sínú ìwé ètò yìí, bí mo ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ìtàn kan lọ́tẹ̀ yìí. Ìtàn owó náà ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó dá lórí ilé-iṣẹ́ rédíò kan tí ó wà lórí Auburn Avenue nílùú tiwa yìí, nítòsí ọ̀nà ńlá tí púpọ̀ nínú wa ń gbà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dé Auburn, ó yẹ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ètò tiwa.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni ẹgbẹ́ yìí fi ra ààbọ̀ wákàtí ní gbogbo Sátidé lórí ilé-iṣẹ́ rédíò kan tí ń gbé orin ìhìnrere sáfẹ́fẹ́. Ago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ sí ago méje ni. A máa ń kí àwọn ènìyàn lédè wa, a máa ń fi orin ìyìn Yorùbá sí i, a ó ka ìròyìn ilé, a ó kéde ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ, a ó sì túmọ̀ òwe kan fún àwọn ọmọ. Èmi akápò ni mo ń buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì, fóònù mi dún. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ni.

“Akápò, ṣé kò sí o?”

“Kò sí, mà. Ẹ káàárọ̀, mà.”

“Mo tan rédíò, èdè àwọn ará Sípéènì ni mo ń gbọ́. Ṣé ẹ ò sanwó ni?”

A ti sanwó. Mo sáré dìde, mo tan rédíò tèmi, ìwàásù lédè Sípéènì ni lóòótọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé mo yọ ìwé àdéhùn wa jáde nínú fáìlì, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ó wà ní ojú ewé kẹta, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà lè gba àkókò yẹn padà nígbàkigbà, bí wọ́n bá ti fún wa ní ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlá. Wọ́n fún wa ní ìkìlọ̀ náà. Àdírẹ́sì tí akọ̀wé wa àtijọ́ ti kó kúrò ni lẹ́tà rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ti fẹ́ san jù wá lọ, wọ́n sì fún un. Wọn kò rú òfin kankan. Èyí gan-an ni ó dùn mí jù, nítorí èmi tí mo ń ka ìwé àdéhùn fún àwọn ẹlẹ́ni-ẹlẹ́ni ni mo buwọ́ lu èyí láìka ojú ewé kẹta.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi kan wá kí wa láti Ìbàdàn, ó sì ní òun fẹ́ rí ibojì Martin Luther King. Mo gbé e lọ. Nígbà tí a ń rìn padà síbi tí mo gbé mọ́tò sí, a kọjá níwájú ilé bíríkì ńlá kan, ilé àwọn Prince Hall Mason. Ilé ìṣaralóge kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti sọ di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú ilé yìí ni WERD wà, ilé-iṣẹ́ rédíò àkọ́kọ́ tí ènìyàn dúdú ni ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ta ni ó ni ín. N kò mọ̀. Mo lọ wádìí, mo sì rí i pé ẹni tí ó ni ín, oníṣirò owó bíi tèmi ni. Ní ìlú yìí kan náà ni mo ti kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ fún mi rí.

Jesse B. Blayton ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ilẹ̀ Oklahoma ní 1897. Ó wá sí Atlanta, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ìṣirò owó, títí tí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Atlanta University. Ní 1928 ó yege nínú ìdánwò CPA. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí yẹn ní Georgia, òun sì ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹni àkọ́kọ́, John Cromwell, ti gba tirẹ̀ ní 1921. Ẹ wo ọdún méje tí ó wà láàárín, ẹni mẹ́rin péré!

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìdánwò yẹn mọ bí ó ti rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe ìwé kan nínú rẹ̀ kí n tó yege, nínú yàrá tí ó tutù dáadáa, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí pé kí ni mo wá ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ayé Blayton, ohun kan wà tí ó le ju ìdánwò lọ. Òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó bá fẹ́ di CPA kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ CPA mìíràn. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kò sì ní gba ènìyàn dúdú síṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ta ni yóò wá ti ṣiṣẹ́? Ó dà bí ilẹ̀kùn tí a tì, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú ilé. Nítorí náà, nígbà tí Blayton gba ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀, ó di ẹni tí àwọn mìíràn lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí ó sì mú ní òkúnkúndùn títí ayé rẹ̀ ni kí ó máa fa àwọn ọ̀dọ́ dúdú sínú iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ tún wà nínú iṣẹ́ bánkì Citizens Trust àti Mutual Federal, tí àwọn ènìyàn dúdú Atlanta dá sílẹ̀ nítorí pé bánkì òyìnbó kì í yá wọn lówó kọ́lé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Atlanta tí ó ti ra rédíò yìí. Ní 1948 ni ìlú yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọlọ́pàá dúdú mẹ́jọ síṣẹ́, wọn kò sì lè mú òyìnbó. Wọn kò tilẹ̀ lè pààrọ̀ aṣọ ní àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ilé YMCA tí ó wà ní Butler Street ni wọ́n ti ń múra. Ọdún méjì péré ni ó ti kọjá láti ìgbà tí ilé ẹjọ́ ti fagi lé òfin tí kò jẹ́ kí ènìyàn dúdú dìbò nínú ìdìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó ń ṣàkóso Georgia. Ṣùgbọ́n Auburn Avenue ń gbèrú nígbà náà: bánkì, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, ìwé ìròyìn Atlanta Daily World, ilé ijó, ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá. Gbogbo nǹkan wà níbẹ̀ àfi rédíò. Ẹni tí ó bá tan rédíò nínú ilé rẹ̀ lórí Auburn, ohùn òyìnbó ni yóò gbọ́, àyàfi bí wọ́n bá yá ìjọ kan tàbí ẹgbẹ́ akọrin kan ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní ilé ń pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, ohun tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Ọdún 1935 ni Rediffusion dé Èkó, àpótí kékeré tí a so mọ́ wáyà, kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń yan ibòmíràn. Ohun tí ìjọba bá fẹ́ sọ ni ẹ ó gbọ́. Bí mo bá rántí èyí, ó máa ń yé mi dáadáa ohun tí Blayton ń wá.

Ó ra WERD ní 1949, 50,000 dọ́là ni ó san. Ilé-iṣẹ́ náà kò tíì pé ọdún méjì lórí afẹ́fẹ́ nígbà náà. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú bí ọjà ti gbówó lórí láti ìgbà náà: ó ju 600,000 dọ́là lọ lówó òde òní. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá 1949 ni WERD bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ olówó rẹ̀ tuntun, lórí 860 AM, pẹ̀lú agbára wáàtì 1,000.

Ibi tí n óò ti fara balẹ̀ díẹ̀ nìyí, nítorí ibi tí iṣẹ́ tèmi ti wọ̀ ọ́ nìyí. Kí ni ènìyàn ń rà gan-an bí ó bá ra ilé-iṣẹ́ rédíò? Ẹ̀rọ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀rọ a máa gbó. Òpó gíga rẹ̀, irin ni. Tábìlì àti àga, kò sí ẹni tí yóò san 50,000 dọ́là fún wọn. Ohun tí a ń rà ni ìwé-àṣẹ, bébà tí àjọ FCC ti ìjọba àpapọ̀ fúnni pé nọ́ńbà yìí, ní ìlú yìí, ìwọ nìkan ni o lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. FCC ni ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó lè kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bébà yìí ni a kò fún wa nígbà tí a ń san owó ààbọ̀ wákàtí tiwa.

Èkejì ni àkókò. Bí ìyá alátà bá kó tòmátò wá sọ́jà tí kò tà tán, ó lè lọ̀ ọ́, ó lè sá a. Àkókò orí rédíò kò ṣeé sá. Bí ago mẹ́ta ọ̀sán òní bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò ra ìṣẹ́jú kan láti polówó ọjà, ìṣẹ́jú yẹn ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni owó iná àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kò dúró. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké fi fẹ́ràn kí wọ́n ta odidi wákàtí fún ìjọ tàbí ẹgbẹ́, kí owó ti wọlé ná.

WERD tún ní ìṣòro kan tí ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Ojúmọmọ nìkan ni àṣẹ rẹ̀ bo. Bí oòrùn bá ti wọ̀, kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ọ̀sán, ìgbì AM ń rìn mọ́ ilẹ̀ ni, èyí tí ó bá gòkè, afẹ́fẹ́ òkè tí oòrùn ń ràn sí a gbé e mì. Bí oòrùn bá wọ̀, ohun tí ń gbé e mì yẹn a pòórá, ìgbì náà a lu òkè, a sì ta padà sí ilẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún máìlì sí ibi tí ó ti kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ rédíò ìlú òkèèrè lóru ní ilé nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ohun tí ó fà á nìyẹn. Kí ilé-iṣẹ́ kan má bàa máa bo ohùn òmíràn mọ́lẹ̀ lóru, àwọn ìjọba pín nọ́ńbà láàárín ara wọn, òru 860 sì bọ́ sọ́wọ́ Kánádà, ní Toronto.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí ìwé owó Blayton. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ ní Atlanta kí ago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní oṣù Kẹfà, bí a ti ń ka aago lónìí, ó ń lọ sí ago mẹ́sàn-án. Ilé-iṣẹ́ kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n ní láti tà nígbà òtútù kéré gan-an sí ti ìgbà ooru. Oṣù Kejìlá yìí kan náà sì ni àwọn oníṣòwò ń polówó jù, nítorí Kérésìmesì. Ẹni tí kò mọ ìṣirò kò lè gbé irú òwò yìí ró fún oṣù mẹ́fà. Blayton gbé e ró fún nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlógún.

Àwọn kan lè sọ pé ní Memphis, WDIA ti ń lo sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dúdú láti 1948, nígbà tí Nat D. Williams bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀. Òótọ́ ni. WDIA sì di òmìrán, agbára wáàtì rẹ̀ di 50,000 ní 1954, ibẹ̀ ni B. B. King ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀, orin ìhìnrere rẹ̀ sì dé ọ̀nà jíjìn. N kò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n òyìnbó méjì, Bert Ferguson àti John Pepper, ni wọ́n ni ín. Ohùn àwọn ènìyàn dúdú wà lórí rẹ̀ nítorí pé owó wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Bí ọ̀rọ̀ bá di ọjọ́ tí owó bá wà níbòmíràn ńkọ́? Mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ láti àárọ̀ Sátidé yẹn. Ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í bá ni mu rẹ́gí.

Ní WERD, ọmọ Blayton, Jesse Kékeré, ni ó kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá àgbà. Ken Knight ni ó ń ṣètò ohun tí ń lọ sáfẹ́fẹ́. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Chicago, Jack Gibson, tí gbogbo Atlanta wá mọ̀ sí Jockey Jack. Ó máa ń wọ aṣọ àwọn tí ń sáré ẹṣin láti fi ya àwòrán ara rẹ̀. Wọ́n ń ta orin ijó, wọ́n ń ta orin ìhìnrere, wọ́n ń ka ìròyìn àwọn ènìyàn dúdú, ohun tí rédíò mìíràn kò kà sí ìròyìn. Georgia ni a sì ti bí ẹni tí a ń pè ní bàbá orin ìhìnrere, Thomas A. Dorsey, ní Villa Rica ní 1899, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Chicago ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ìgbì rédíò kò mọ ìlà tí òfin fà sí àárín ìlú. Ohun tí wọ́n ń sọ ní Auburn ń wọ inú ilé ìdáná àwọn òyìnbó níbi tí àwọn ìyá dúdú ti ń dáná fún wọn.

Ìtàn tí ó dùn mọ́ mi jù wà nínú ilé Prince Hall yẹn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ SCLC sílẹ̀ ní 1957 lábẹ́ Martin Luther King, ọ́fíìsì wọn bọ́ sí inú ilé kan náà, ní ìsàlẹ̀ WERD. Àwọn tí ń tọ́jú ibi ìṣẹ̀ǹbáyé náà máa ń sọ pé bí King bá ní ìkéde, yóò mú ọwọ́ ìgbálẹ̀, yóò fi gbá àjà lókè. Ẹni tí ó wà lókè yóò so ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ̀kalẹ̀ láti ojú fèrèsé, King yóò yọjú ní fèrèsé tirẹ̀, yóò sì sọ̀rọ̀ sí ìlú. Ìwàásù rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú ń jáde lórí WERD.

Mo dúró lábẹ́ fèrèsé yẹn pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń ro iye ènìyàn tí King ìbá kọ̀wé sí bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ni rédíò náà. Kí ó kọ lẹ́tà, kí ọ̀gá kà á, kí lọ́yà kà á, kí àwọn tí ń polówó ọjà sọ pé inú àwọn kò dùn sí i. Ọwọ́ ìgbálẹ̀ ni ó ná an.

Bí 1960 ti ń sún mọ́, nǹkan ń yí padà. WAOK, tí Zenas Sears àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ òyìnbó ní, ti ń ta orin fún àwọn ènìyàn dúdú Atlanta láti àárín àwọn ọdún 1950. Rédíò tí ń dákẹ́ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ kò lè bá èyí tí ń sọ̀rọ̀ lóru du ọjà pẹ́ títí. Ọ̀nà ńlá tí ìjọba kọ́ sí àárín ìlú sì gé Auburn sí méjì, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń gbé àdúgbò náà kó lọ. Ní 1968, ọdún kan náà tí wọ́n pa King ní Memphis, Blayton ta WERD. Ó kú ní 1977. Ní 1995 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọlá àwọn ènìyàn ńlá nínú iṣẹ́ rédíò ní Amẹ́ríkà.

860 kò kú. Ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ó di WAEC, Love 860, tí ń gbé ìwàásù àti ètò Kristẹni. Púpọ̀ nínú yín tí ẹ ti wà ní ìlú yìí pẹ́ ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò láìmọ̀ pé nọ́ńbà Blayton ni ẹ ń gbọ́. Ilé Prince Hall náà ṣì dúró. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2018 ti fi í kún ọgbà ìrántí Martin Luther King tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé kí a lọ ra ilé-iṣẹ́ rédíò bíi ti Blayton. Àmọ́ mo ti ṣe ìṣirò kan tí kò jẹ́ kí n sùn. 150 dọ́là ni a ń san lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 52 fún ọdún mẹ́fà, 46,800 dọ́là ni ó jẹ́. Owó 1949 kì í ṣe owó òde òní, n kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Blayton san 50,000, bébà kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Nígbà tí a san 46,800 tán, rìsíìtì ni ó wà nínú fáìlì mi.

Ní ilé wa, òfin tí ó dá àjọ NBC sílẹ̀ ní 1992 kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn gba ìwé-àṣẹ rédíò rárá, nítorí náà ó mọ́ wa lára láti yá àkókò, a kì í tilẹ̀ bèèrè pé ọ̀nà mìíràn ha wà. Ní Amẹ́ríkà ó wà. Láti 2000 ni FCC ti dá irú àṣẹ kan sílẹ̀ fún rédíò FM kékeré, wáàtì 100, tí ohùn rẹ̀ ń dé nǹkan bíi máìlì mẹ́ta ààbọ̀. Ẹgbẹ́ tí kì í ṣe òwò nìkan ni ó lè gbà á, bíi tiwa. Ẹ kò lè polówó ọjà lórí rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n ń gba ìwé ìbéèrè: wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ní oṣù Kẹwàá 2013, wọ́n tún ṣí i fún ọjọ́ mélòó kan ní oṣù Kejìlá 2023. Ní oṣù Kejìlá yẹn, àwa ń ṣe ìpàdé lórí ẹni tí yóò gbé àga alága jókòó níbi àpèjẹ ọdún. Mo wà níbẹ̀, èmi náà sọ̀rọ̀, ohùn mi sì lọ sókè.

Nínú ìlú ńlá bíi Atlanta, nọ́ńbà tí ó ṣófo lórí FM ṣọ̀wọ́n, ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó fún wa, owó rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní kí a gbé ètò náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì ti fi í sínú ìṣirò. Ìyá wa tí ó pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn sọ fún mi pé rédíò orí tábìlì ìdáná òun kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì, pé bí òun bá ń ro àmàlà, ọwọ́ òun kò ṣófo láti máa tẹ fóònù. Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà, a ó wò ó.” Ó ní, “Ẹ ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí, Akápò.”

Mo ti to ọ̀nà mẹ́ta àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ná wa fún ọdún márùn-ún sórí bébà: kí a tún ra àkókò, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí lọ́yà wa kà, kí a lo íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí a múra sílẹ̀ de ìgbà tí FCC bá tún ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀dà ogójì wà lọ́wọ́ mi lónìí. Mo máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ibi tí a ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ. Kí ẹ wá gba tiyín, kí ẹ sì kà á dé ojú ewé kẹta.